Awakọ̀ bàálù ni ọmọ mi l'Amẹ́ríkà: ta ló di owó rẹ̀ mú?

Ìyá kan ní Kétu ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ mi ọkùnrin ń wa bàálù l'Amẹ́ríkà, ó di ọdún kẹta báyìí. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá gbé èrò ló gbà á. Gbogbo ẹbí ló ti gbọ́ pé àwa la bí awakọ̀ bàálù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá tọrọ. Ṣùgbọ́n owó tó ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ṣì ń jò. Tí mo bá bi í, á ní kóńtíráà àwọn ti tó àtúnṣe láti ọdún méjì, pé sẹ́ndíkà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ṣì ń bá àwọn ọ̀gá dúnàádúrà. Lóṣù tó kọjá ó ní àwọn ti dìbò pé àwọn lè yanṣẹ́ lódì. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé wọn ò ní lé e dànù? Àbúrò mi ní kí n sọ fún un pé kó kúrò níbẹ̀, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó gidi. Ṣé òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ, àbí ó ń tàn mí?"

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Òótọ́ ni ọmọ yín ń sọ. Mo fi í ṣáájú nítorí mo rí i nínú ọ̀rọ̀ yín pé ibẹ̀ ló ń dùn yín ju òrùlé lọ. Ọdún 22 ni mo fi ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, ní orílẹ̀-èdè tó wà yẹn. Àga ọ̀tún, ti igbákejì awakọ̀, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àga òsì, ti ọ̀gá awakọ̀, ni mo ti dìde nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 65, nítorí òfin wọn kò gbà kí ẹni tó bá ti pé bẹ́ẹ̀ wa bàálù èrò mọ́ ní irú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Mo wá padà sílé ní Àjàṣẹ́. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, mo lo mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yàn láti bá ilé-iṣẹ́ jókòó lórí owó. Ìwé àdéhùn ti ọmọ yín gan-an ni n kò tíì rí, nítorí náà bí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí mo fẹ́ sọ, ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ojú tí àwa níbí fi ń wo iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. Àwa tí a dàgbà nígbà Air Afrique, ilé-iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè wa àti àwọn aládùúgbò wa jọ dá sílẹ̀ ní 1961, tó sì wó ní 2002, a rántí bí awakọ̀ bàálù ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀ ní Kútọnù: fìlà lórí, okùn wúrà léjìká, gbogbo ènìyàn á yà fún un. Àwòrán yẹn kò tíì kúrò lójú wa. Tí ẹnìkan bá wá gbọ́ pé 90 dọ́là ni wọ́n ń san fún ọmọ yín ní wákàtí kan, á fi wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, á sì ní olówó ti dé. Wákàtí tí wọ́n ń san owó rẹ̀ yàtọ̀ sí wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Aago owó kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn bàálù, tí wọ́n á sì tú bíréékì sílẹ̀. Tó bá ti balẹ̀, tó dé ibùdó rẹ̀, tí wọ́n fa bíréékì padà, aago ti dúró nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan hàn yín. Aago mẹ́rin ìdájí, fóònù ti jí mi ní hòtẹ́ẹ̀lì ìlú kékeré kan, yìnyín ti bo fèrèsé. Ní 4:45 ọkọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ti gbé wa. Ní 5:15 a ti wà nídìí bàálù, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò, ọ̀gá mi ń ka ìwé ojú ọjọ́, a sì ń retí àwọn tó máa fọ yìnyín kúrò lára rẹ̀. Owó kankan kò tíì wọlé. Ní 6:10 a tú bíréékì, aago bẹ̀rẹ̀. Ní 7:25 a dé Chicago, aago dúró. A jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀ nítorí bàálù tí a máa gbé kò tíì dé. A fò fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. A tún jókòó. A tún fò fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35. Nígbà tí mo tú táì ọrùn mi nínú hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù. Ó lé ní wákàtí 12 tí mo ti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì àná. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi ni wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìjọba wọn kò sì gbà kí awakọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ nínú ọjọ́ 28, tàbí ju 1,000 lọ nínú ọdún kan, kí àárẹ̀ má baà pa èrò. Nǹkan bí wákàtí 75 lóṣù ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn máa ń ṣe onídùúró fún. Ẹ fi 75 sọ 90 di púpọ̀, ẹ ó rí 6,750 dọ́là. Tí a bá fi dọ́là kan sí 600 sẹ́fà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ẹbí wá jókòó sí àgbàlá yín. Ṣùgbọ́n ọjà Amẹ́ríkà ló ń ná an sí. Owó orí á kọ́kọ́ gé tirẹ̀, owó ìlera á gé tirẹ̀, owó ilé á tẹ̀lé e. Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kíkọ́ bàálù wíwà lè gba tó 100,000 dọ́là kí ènìyàn tó rí ẹni gbà á síṣẹ́. Bí ìlú tó ń gbé bá tún jìnnà sí ìlú tí bàálù rẹ̀ ti ń gbéra, á ní láti háyà ibùsùn níbẹ̀. Mo ti sùn rí nínú yàrá tí a ti jẹ́ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mẹ́rin, olúkúlùkù fi aṣọ ta bo tirẹ̀ kí iná ẹni tó ń múra ìdájí má baà jí i. Lórí irú bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ọmọ yín lè ti máa bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni ni.

Owó náà ti burú ju báyìí lọ fíìfíì. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, 19 dọ́là ni wákàtí mi. Òkú ló jẹ́ kí àwọn ará ìlú ibẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air kan tó ń lọ sí Buffalo já lu ilé kan, ènìyàn 50 kú. Àwọ̀ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá Continental ló wà lára bàálù náà, ọ̀dọ̀ Continental ni èrò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbé wọn. Nígbà ìgbẹ́jọ́, wọ́n dárúkọ owó tí igbákejì awakọ̀ ń gbà: nǹkan bí 16,000 dọ́là lọ́dún ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, kí ilé-iṣẹ́ tó wá ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà figbe ta. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìgbìmọ̀ ìwádìí kò kọ ọ́ pé owó kékeré ló pa wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ ni pé nígbà tí bàálù kìlọ̀ pé eré ti lọ sílẹ̀ jù, ọ̀gá awakọ̀ ṣe òdìkejì ohun tó yẹ kó ṣe. Àwa tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò nílò ìgbìmọ̀ kó tó yé wa pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó háyà yàrá á máa sùn lórí àga ní ibùdókọ̀ òfuurufú. Òfin tuntun jáde ní 2010. Láti 2013, igbákejì awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti fò tó wákàtí 1,500 kí wọ́n tó gbà á, bẹ́ẹ̀ 250 ti tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ náà lè fi 1,000 wọlé. Nígbà tó di oṣù kìíní 2014, òfin ìsinmi tuntun tẹ̀lé e.

Òfin wákàtí yìí sọ awakọ̀ di ohun ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n owó kò tíì fò sókè tó bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀yìn Kòrónà. Ní 2020 àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti fi owó bẹ àwọn àgbà awakọ̀ pé kí wọ́n tètè fẹ̀yìn tì. Èrò padà dé kíá ju bí wọ́n ti rò lọ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó awakọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn kékeré, àwọn kékeré sì ń so bàálù mọ́lẹ̀ nítorí àìsí ẹni tó máa wà á. Ní oṣù kẹfà 2022, Envoy àti Piedmont, ilé-iṣẹ́ kékeré méjì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá American, gbé owó igbákejì awakọ̀ tuntun dé 90 dọ́là ní wákàtí kan, ti ọ̀gá awakọ̀ tuntun dé 146. Àwọn yòókù sáré tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n nínú owó yẹn, apá kan jẹ́ àfikún tí wọ́n fi ọjọ́ ìparí sí, oṣù kẹjọ 2024. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó máa ṣe pàtàkì níwájú. Owó tó wà nínú ìwé àdéhùn gan-an, ilé-iṣẹ́ kò lè dá nìkan yọ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà olóṣù mélòó kan, ó lè parí bí òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ wá béèrè pé ta ló di owó ọmọ yín mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ní kó bá wọn jókòó ti ọjà kò lè yọ owó fún yín láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ dé. Ẹ fojú inú wo aránṣọ ńlá kan ní ọjà Ouando níbí. Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun ni oníbàárà mọ̀, òun ló ń gba owó. Nígbà tí aṣọ ẹbí bá pọ̀ jù fún un, a pín in fún àwọn aránṣọ kéékèèké mẹ́rin tó wà lẹ́yìnkùlé, iye kan pàtó lórí bùbá kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ra òwú. Tí àwọn ọmọṣẹ́ aránṣọ kékeré kan bá ní kó fi kún owó àwọn, ibo ló ti máa mú un? Iye bùbá ti wà nílẹ̀. Tó bá padà tọ aránṣọ ńlá lọ, èyí á ní, "Àwọn mẹ́ta yòókù kò béèrè nǹkan kan o."

Bí iṣẹ́ ọmọ yín ṣe rí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń san owó epo, òun ló ń yan ìlú tí wọ́n máa fò lọ àti aago tí wọ́n máa gbéra. Iye kan pàtó ló ń san fún kékeré lórí ìgbéra kọ̀ọ̀kan. American, Delta àti United ni wọ́n ń ṣe é jùlọ. Àwọn kékeré kan jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn, bí Envoy, Piedmont àti PSA ṣe jẹ́ ti American, tí Endeavor jẹ́ ti Delta. Àwọn kan dá dúró, bíi SkyWest àti Republic, wọ́n sì ń fò fún ju ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ. Àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá náà ní ìwé tiwọn, tó sọ pé bàálù tí wọ́n bá fún kékeré kò gbọ́dọ̀ ní ju àga 76 lọ, kí iṣẹ́ tiwọn má baà ṣàn lọ tán. Àárín ògiri méjì yìí ni ọmọ yín wà.

Ọdún kejì tí mo ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Yàrá ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì kan ni, tábìlì gígùn, àwa márùn-ún lápá kan, àwọn mẹ́fà lápá kejì, kọfí ti tutù nínú ife páálí. Tí a bá ń sọ nípa aṣọ iṣẹ́ tàbí irú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa fi wá sí, lójú ẹsẹ̀ ni obìnrin tó ṣáájú wọn máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí a bá ti ti bébà owó síwájú, á ní kí a fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn. Mo ń rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù létí, ó ń gbọ́ ju bó ṣe ń sọ lọ, ó ń fi bírò kọ nǹkan sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, nọ́ńbà ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ló kà fún wa. Ẹni tó wà lórí fóònù yẹn là ń bá dúnàádúrà láti ọdún méjì, kò sì sí àga rẹ̀ ní tábìlì. N kò bínú sí obìnrin náà láti ọjọ́ yẹn. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí àdéhùn ilé-iṣẹ́ wa pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá máa parí, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni owó tuntun lè ṣàn wọlé.

Ẹ lè bi mí bí ènìyàn ṣe lè máa ṣiṣẹ́ lórí kóńtíráà tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Òfin àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ṣe ní 1926, tí wọ́n sì fa iṣẹ́ òfuurufú wọ inú rẹ̀ ní 1936, ló ń darí wọn. Nínú òfin yẹn, ìwé àdéhùn kì í kú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ á sì máa bá a lọ títí tuntun á fi dé. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ìjọba kò fẹ́ kí rélùwéè àti bàálù dúró lójijì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀gá kò lè jí láàárọ̀ kó gé owó ọmọ yín. Ìpalára rẹ̀ ni pé owó àtijọ́ ló máa jẹ títí, ọjà sì ń gbówó lórí. Ta ni kò yá lára nínú irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀? Ẹni tí owó àtijọ́ rọrùn fún ni. Tiwa gba ọdún mẹ́rin ó lé oṣù díẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí mo wà sì máa ń fi ìpàdé sí oṣù méjì méjì.

Bí ọ̀rọ̀ bá dí, ẹgbẹ́ méjèèjì tàbí ọ̀kan nínú wọn á pe ìgbìmọ̀ onílàjà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Washington. Onílàjà yìí ló wá di aago mú. Òun ló ń yan ọjọ́ ìpàdé, kò sì sí iye oṣù tí òfin fi dè é. Nígbà tó bá rí i pé ìlàjà kò so èso mọ́, á bi wọ́n bóyá wọ́n máa gbà kí ẹnì kẹta dájọ́ fún wọn. Bí ọ̀kan bá kọ̀, á tú wọn sílẹ̀, wọ́n á sì tún dúró fún ọjọ́ 30. Lẹ́yìn 30 ọjọ́ yẹn nìkan ni ìyanṣẹ́lódì tó bófin mu. Títí di ìgbà yẹn pàápàá, ààrẹ orílẹ̀-èdè lè yan ìgbìmọ̀ pàjáwìrì kó tún dá a dúró. Nítorí náà, ìbò tí ọmọ yín dì lóṣù tó kọjá kò dà bíi ti àwọn olùkọ́ wa níbí, tí wọ́n á dìbò lónìí, tí kíláàsì á ṣófo lọ́la. Wọ́n kàn fi ọ̀bẹ lé àwọn aṣáájú wọn lọ́wọ́ kó hàn sí ẹni tó wà lórí fóònù ni. Irú ìbò yìí sábà máa ń lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dé ibi ìyanṣẹ́. Ìgbà ìkẹyìn tí mo mọ̀ pé awakọ̀ ilé-iṣẹ́ èrò kan yanṣẹ́ lódì níbẹ̀ ni oṣù kẹfà 2010, àwọn ti Spirit, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi parí.

Wọn kò lè lé e nítorí pé ó tẹ̀lé ìyanṣẹ́lódì tó bófin mu. Òfin kan náà gbà kí ilé-iṣẹ́ fi ẹlòmíràn sí ipò ẹni tó yanṣẹ́, n kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ tó pé wákàtí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí he. Ohun tó lè kó bá a gan-an ni kó fi ìbínú ṣe ohun tí ẹgbẹ́ kò tíì ní àṣẹ rẹ̀. Ní oṣù kejì 1999, àwọn awakọ̀ American bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní aláìsàn lọ́pọ̀ yanturu, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn 45.5 mílíọ̀nù dọ́là lé ẹgbẹ́ wọn. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń sọ irú ẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ìyanṣẹ́ tó bófin mu pàápàá lérè, ó sì léwu. Ní 2001, àwọn awakọ̀ Comair, ọmọ Delta nígbà náà, yanṣẹ́ fún ọjọ́ 89. Wọ́n rí owó tó dára gbà. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, Delta ti Comair pa. Àwọn kan ní ìyanṣẹ́ náà ló pa á. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ pátápátá: bàálù kékeré alága 50 ti ń jẹ epo ju owó tó ń mú wọlé lọ, irú rẹ̀ sì ni Comair ní jùlọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí iye owó rẹ̀ ga jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa gé. Compass àti Trans States, àwọn kékeré méjì mìíràn, pa ilẹ̀kùn dé ní oṣù kẹrin 2020. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, United gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ExpressJet, ó kó o fún CommuteAir. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ bíi tèmi kò sùn dáadáa lóru, nítorí owó tó kéré jù ń lé awakọ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù lè lé iṣẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ ibi tí àárín wà.

Mo dé orí ohun tí àbúrò yín sọ, pé kó kúrò. Ẹ má jẹ́ kó tètè gbọ́ ọ. Nínú agbo ilé wa, ọjọ́ tí obìnrin wọlé ni wọ́n fi ń ka àgbà rẹ̀, wọn kì í wo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ti wà nílé kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Ìwé àgbà àwọn awakọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí ẹ wọlé ló fún yín ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ ohun gbogbo: ìlú tí ẹ ó ti máa gbéra, ọjọ́ ìsinmi yín, bóyá ẹ ó wà nílé nígbà Kérésì tàbí Iléyá, ọjọ́ tí ẹ ó di ọ̀gá awakọ̀, àti ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá dín. Tí ẹ bá wá kọjá sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ìyàwó tuntun ni yín, kódà bí ẹ ti fò fún ogún ọdún. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wó, ọmọ ọdún 51, tó jókòó sí àga ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tó jẹ́ 27. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ketekete bí ọmọ tuntun.

Nítorí náà, kó má ṣe kúrò ní kékeré kan lọ sí kékeré mìíràn nítorí dọ́là márùn-ún. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá pè é, kó lọ, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè: ní 2024, gbígba ènìyàn dín kù lọ́dọ̀ àwọn ńlá. Ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jùlọ láti rí owó ni àga òsì nínú ilé tó wà. Òfin ní kó ti fò tó wákàtí 1,000 ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó lè di ọ̀gá awakọ̀. Ẹni tó wà ní ọdún kẹta lè ti pé e. Ẹ wo 90 àti 146 tí mo dárúkọ: kò sí ìdúnàádúrà tí mo bá wọn jókòó sí rí tó fi iye bẹ́ẹ̀ kún owó ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan.

Bí àdéhùn bá dé, àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló máa dìbò sí i, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Èyí tí àwa kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n fi ìbò dà á nù. Mo wọ mọ́tò mi, mo sunkún. Ọdún kan lẹ́yìn náà mo gbà pé wọ́n tọ̀nà, nítorí a ti jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ bo àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lẹ́yìn. Kí ọmọ yín ṣí ewé lọ sẹ́yìn. Ṣé owó náà wà nínú ìwé gan-an àbí nínú lẹ́tà tó ní ọjọ́ ìparí? Tí ó bá fi wákàtí méjì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé wọ́n máa ka ó kéré tán ọ̀kan fún un, bó fò tàbí kò fò? Tí wọ́n bá fagi lé ìrìn àjò nítorí yìnyín, ṣé owó rẹ̀ dúró? Ṣé wọ́n máa san nǹkan kan padà lórí ọdún méjì tó ti fi dúró? Ẹ̀kejì nínú ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó lè mú owó tó ju dọ́là mẹ́wàá orí wákàtí lọ wá, kò sì dún lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní ti òrùlé, ẹ sọ fún àwọn ẹbí pé ọmọ náà ṣì ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ yọ páànù tó ti jẹrà jùlọ kúrò kí òjò tó dé, kó san ìyẹn, kí ìyókù dúró. Nígbà tó bá tún pè yín, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta péré: ṣé onílàjà ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ọdún wo ni àdéhùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá máa parí, àti ẹni mélòó ló ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìwé àgbà. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá jókòó tì í.